Gbèsè Tó Ń Dé Lẹ́yìn Ọdún Kan

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò dùn ún gbọ́ létí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. Ẹni tí oúnjẹ bá wà níwájú rẹ̀, kó tètè jẹ ẹ́ tán.

Gbogbo wa ní Ìlọrin la mọ Ọ̀fà Garage. Ẹni tó ń lọ sí Ọ̀fà, tó ń lọ sí Ajásẹ́-Ìpo, tó ń lọ sí Òmù-Àrán, ẹ̀bá ibẹ̀ ni yóò ti wọkọ̀. Kóróópẹ́ ń já èrò sílẹ̀, ọlọ́kadà ń gba àárín wọn kọjá, Márúwá ń yà láì fún ẹni tó wà lẹ́yìn ní sígínà, àgbèrò ń pariwo pé ẹnì kan péré ló kù kí ọkọ̀ gbéra, bẹ́ẹ̀ ìjókòó mẹ́rin ló ṣófo. Títì tí ọkọ̀ ńlá ń gbà ni ọmọ tó ń kiri wàrà náà ń gbà. Ẹni tó bá dúró wò wọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ìjàǹbá kò ju iye tó ń ṣẹlẹ̀ lọ.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń parí. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ ọdún 19 tó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà. Mọ́tò kan gbá wọn, epo ọ̀kadà dà sí i lára, iná sì ràn án. Ó jó o láti àgbọ̀n dé àyà, ó jó ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àwọn èèyàn sáré pa iná náà, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Onímọ́tò ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alága páàkì ń bá a bẹ̀bẹ̀. Àbúrò bàbá ọmọ náà ló ṣojú ẹbí, torí ìyá rẹ̀ wà nídìí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. "Alhaji, ẹ ṣàánú wa, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dé kóòtù. Àmúwá Ọlọ́run ni. Ọmọ yín, ọmọ tiwa náà ni." Wọ́n fa àpòòwé kan yọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé tọ̀túntòsì ti yanjú ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn, pé ẹnikẹ́ni ò tún ní bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikejì. Àbúrò bàbá fọwọ́ sí i. Owó inú àpòòwé náà lè ra oògùn àti báńdéèjì ọ̀sẹ̀ méjì, bóyá mẹ́ta.

Ní wákàtí tí wọ́n ń fọwọ́ síwèé yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọ bí ara ọmọ náà yóò ṣe rí tí wọ́n bá tú báńdéèjì tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Awọ tí iná jó wọnú kì í jinná bí awọ tí ọ̀bẹ gé. Àpá rẹ̀ máa ń sún kì. Ó ń fà díẹ̀díẹ̀, ó ń le, ó ń ga, ó sì lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan tàbí ọdún kan àbọ̀ kó tó dúró sójú kan. Tó bá jẹ́ ọrùn ni, àpá náà lè fa àgbọ̀n wálẹ̀ títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ àyà; ẹni náà ò ní lè gbójú sókè, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ṣí sílẹ̀, itọ́ á máa dà, ẹ̀kọ mímu gan-an á di iṣẹ́. Tó bá jẹ́ ìpéǹpéjú ni, kò ní lè pa ojú dé mọ́. Á máa lajú sùn, ẹyinjú á máa gbẹ, ojú náà sì lè fọ́. Tó bá jẹ́ ọwọ́, ìka á ká wọnú àtẹ́lẹwọ́. Ká ní iṣẹ́ irun dídì ni ọmọ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn ń kọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, ìka rẹ̀ ò ní lè di irun mú. Ti ọmọdé tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Egungun rẹ̀ ń dàgbà, àpá kì í bá a dàgbà, nítorí náà ibi tí dókítà tú fún un nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ó lè tún ti sún kì nígbà tó bá pé mẹ́wàá.

Dókítà tó bá fẹ́ tú irú àpá bẹ́ẹ̀ á gé e ṣí, á bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti itan ẹni náà, á fi bo ojú ibi tó là. Wọ́n á wá fi ike líle tẹ́ ẹ, wọ́n á dè é, kó má tún ká padà. Lẹ́yìn náà ni físíò, oṣù lẹ́yìn oṣù. Ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà tó. Kechi Okwuchi, ọmọ Nàìjíríà tó dé ìparí ìdíje America's Got Talent lọ́dún 2017, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì péré tó yè nígbà tí bàálù Sosoliso já ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2005. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà yẹn. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún un lé ní 100. Wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ ní South Africa, ó wá bọ́ sí ọwọ́ ọsibítù Shriners ní Galveston, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí wọn kì í ti í wo àpò òbí kí wọ́n tó tọ́jú ọmọ tí iná jó.

Ìbéèrè tí mo gbé wá nìyí: àwọn ọmọ tí kò rí Galveston, ta ló yẹ kó san owó tiwọn?

Ẹni tó ń san án báyìí kò ṣòro mọ̀. Ẹbí ni. Nínú gbogbo owó tí Nàìjíríà ń ná lórí ìtọ́jú ara, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ń sọ ọ́ pé ó lé ní 70 nínú 100 tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde tààrà. Ilẹ̀ bàbá ń lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ ń lọ, wúrà ìyá ń lọ. Tí wọ́n bá ti tà á tán, wọ́n á gbé ọmọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Tàbí kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ àwa onírédíò.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí. Àwa ń bá wọn tọrọ, àwọn olùgbọ́ ń fi owó ránṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí ẹni tí owó máa ń ya sí. Ọmọ kékeré tí ojú rẹ̀ fani mọ́ra nínú fọ́tò tí wọ́n yà kó tó jóná, owó tirẹ̀ á pé kíá. Ọlọ́kadà ẹni ọdún 45, onírùngbọ̀n, tí àgbọ̀n rẹ̀ fọ́, tí kò lè sọ̀rọ̀ kó já geere, ta ló ń wo tirẹ̀? Sàráà máa ń tẹ̀ lé àánú ni, àánú sì máa ń yan ojú. Ẹni tí ìjàǹbá ba ojú rẹ̀ jẹ́ ló wá di ẹni tí a ní kó fi ojú náà wá owó.

Òfin wa ti gbìyànjú lórí ọjọ́ àkọ́kọ́, ká sọ òótọ́. Òfin ìlera ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì sílẹ̀ nítorí ohunkóhun. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Lọ́dún 2017, òfin mìíràn jáde fún ẹni tí ìbọn bà, pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó bèèrè ìwé ọlọ́pàá. Àwa ará Kwara mọ ìwúlò rẹ̀: ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018 ni àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báńkì Ọ̀fà, tí èèyàn tó lé ní 30 sì kú. Ètò pàjáwìrì ìjọba àpapọ̀ tún wà, tí wọ́n ń pè ní NEMSAS, tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti bo wákàtí 48 àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká gbà pé gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Wákàtí 48 á gba ẹ̀mí ọmọ náà là. Ọrùn rẹ̀ ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í fà títí oṣù kẹta, oṣù kẹfà. Nígbà tó bá tó àkókò iṣẹ́ abẹ, gbogbo ẹni tí òfin dárúkọ ti ṣe tiwọn tán, wọ́n ti lọ sílé.

Ìdí kejì tí owó yìí fi ń wá olówó rẹ̀ tì ni orúkọ rẹ̀. Ẹ bá ará Nàìjíríà dárúkọ plastic surgery, ìdí ńlá àti imú tínrín ló máa wá sí i lọ́kàn. Àwọn ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì pẹ̀lú kì í fẹ́ san owó ohun tí wọ́n bá ti lè pè ní ẹwà, tí akọ̀wé kan bá sì ti rí ọ̀rọ̀ plastic nínú ìwé dókítà, bírò rẹ̀ ti ń lọ síbi tí yóò kọ rárá sí. Ẹwà wo ló wà nínú kí èèyàn lè pa ojú dé sùn? Àwọn ará Amẹ́ríkà bá ara wọn jà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1998 ni wọ́n ṣòfin pé ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì tó bá ń san owó gígé ọmú obìnrin tó ní jẹjẹrẹ, dandan ni kó san owó tí wọ́n á fi tún àyà náà ṣe pẹ̀lú. Wọ́n ka àtúnṣe mọ́ ìwòsàn. Bí a kò bá tíì tún un ṣe, a ò tíì wò ó sàn.

Iṣẹ́ àtúnṣe ojú yìí gan-an, ìjọba ló fi owó bí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, dókítà ọmọ New Zealand kan tó ń jẹ́ Harold Gillies ṣí ọsibítù sí Sidcup, lẹ́bàá London, lọ́dún 1917. Ọmọ ogun tó lé ní 5,000 tí ìbọn àti bọ́ǹbù ti gé ẹnu àti imú wọn ló gba ìtọ́jú níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sì ṣe lé ní 11,000. Wọn ò ní kí ọmọ ogun kankan lọ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọba ló rán wọn lọ sójú ogun, ìṣúra ọba ló san án. Ọsibítù Ìgbòbí tó wà ní Èkó, tí ó lórúkọ lónìí nínú títọ́jú egungun àti ẹni tí iná jó, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn: ìjọba amúnisìn dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì di ọsibítù lọ́dún 1945. Àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn kì í ṣe aláàánú ju àwa lọ. Wọ́n mọ ẹni tó jẹ gbèsè ni.

Ìlọrin la wà, ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà tí àwọn àlùfáà wa máa gbà. Nínú fíkì, ìyẹn òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọgbẹ́ ní iye. Ẹ̀mí èèyàn, 100 ràkúnmí. Ẹni tó bá gé imú ọmọlàkejì rẹ̀ tán pátápátá, díyà rẹ̀, ìyẹn owó tí yóò san, pé bíi ti ẹ̀mí. Ojú kan, ìdajì. Eyín kan, ràkúnmí márùn-ún. Wọ́n ti kà á kalẹ̀ láti àtijọ́ pé ara tó bàjẹ́ jẹ́ gbèsè lọ́rùn ẹnì kan, kò dúró de àánú. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára jù ni èyí: tó bá jẹ́ àṣìṣe, tí ẹni náà kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọn kì í fi gbogbo gbèsè náà ká òun nìkan lọ́rùn. Àwọn èèyàn rẹ̀ ló máa ń dá a, ìyẹn àwọn tí àwọn àlùfáà ń pè ní àkílà, wọ́n sì lè pín owó ẹ̀mí sí ọdún mẹ́ta. Ní ọ̀nà òfin Málíkì tí àwa ń tẹ̀ lé, tí owó ọgbẹ́ bá ti tó ìdá kan nínú mẹ́ta díyà tó pé, ọrùn àkílà ló bọ́ sí. Láyé àtijọ́, ẹbí ìhà bàbá ni àkílà. Nígbà tó di ìgbà Kálífà Umar, ó gbé e ka orí àwọn tí orúkọ wọn jọ wà nínú ìwé àwọn ọmọ ogun, nítorí àwọn tó jọ ń gba owó iṣẹ́ kan náà ti di ẹbí ara wọn.

Ẹ wá bá mi wo Ọ̀fà Garage. Ta ni àkílà awakọ̀ níbẹ̀? Ẹbí rẹ̀ lè wà ní Ṣáàrẹ́ tàbí ní Ìkìrun, wọn ò mọ ohun tó ń wà. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ìwé kan náà ni ẹgbẹ́ awakọ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Bí mọ́tò bá ṣe ń kún, owó ń wọlé. Alága tó wá dúró tì í ní tẹ́ṣàn, tó ń bẹ àbúrò bàbá pé kó fọwọ́ síwèé, òun gan-an ni àkílà. Ẹ̀bẹ̀ nìkan ló mú wá.

Èmi ò sọ pé ká gbé díyà lọ sí kóòtù o. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà wà ní Kwara, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa fi agbára rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ogún, ọmọ àti irú wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìjọba ti fún wa ní àkílà tí kò nílò àlùfáà. Ó ti wà láti ọdún 1945, ọdún kan náà tí Ìgbòbí di ọsibítù. Ìwé thọ́ọ̀d-pátì ni, ìyẹn ínṣọ́ránsì ọkọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ìwé thọ́ọ̀d-pátì lọ́kàn wa, ìwé ọlọ́pàá ni. A máa ń rà á torí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ó parí. Ẹlòmíràn ń ra ayédèrú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, owó rẹ̀ kò wọ àpò ilé iṣẹ́ kankan. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ìwé náà wà fún ni ọmọbìnrin ẹ̀yìn ọ̀kadà yẹn. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, mọ́tò àdáni ń san 15,000 náírà lọ́dún, Márúwá 5,000, ọ̀kadà 3,000. Òfin ínṣọ́ránsì fi òdiwọ̀n sí iye tí wọ́n ń san tí mọ́tò bá ba ọkọ̀ tàbí ilé ẹlòmíràn jẹ́. Tó bá jẹ́ ara èèyàn ló bàjẹ́, kò fi òdiwọ̀n sí i. Ẹ tún un gbọ́: kò fi òdiwọ̀n sí i. Owó táyà mọ́tò ní ààlà, owó ọrùn ọmọ kò ní. Mọ́tò tó bá gbáni tó sì sá lọ, tàbí tí kò ní ìwé, òfin ọdún 2003 dá àpò kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso ínṣọ́ránsì, NAICOM, kí wọ́n lè fi máa ran ẹni tí irú rẹ̀ sọ di aláàbọ̀ ara lọ́wọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni ọlọ́pàá ti sọ pé àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò bá ní ìwé náà. Wọ́n ń mú onímọ́tò, kò burú. Ẹni tí mọ́tò gbá, ta ni yóò sọ fún un pé owó rẹ̀ wà níbì kan?

Ẹni tó bá ń sọ pé ínṣọ́ránsì kò tọ́ nínú ẹ̀sìn, mo bọ̀wọ̀ fún èrò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tákáfù wà ní Nàìjíríà báyìí tí NAICOM fún ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n ń pa owó pọ̀ bí àjọ, kí wọ́n fi ran ẹni tí ìjàǹbá bá dé bá. Ìyẹn ò jìnnà sí ohun tí Umar ṣe.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó yìí ṣe pàtàkì, torí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà mọ́tò àti ìwé orí gíláàsì náà lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tó wọ́ mọ́tò lọ. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ gba ẹ̀dà. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, tó fi dé ti ọ̀kadà tí ẹ ń gbé lọ sí ọsibítù. Ẹ wá agbẹjọ́rò, torí ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì sábà máa ń fẹ́ kí kóòtù kọ́kọ́ dá onímọ́tò lẹ́bi, ohun tí kóòtù bá dá lé e lórí ni àwọn á wá san. Wọ́n lè má dúró de kóòtù, kí wọ́n gbé owó wá fúnra wọn. Wọ́n á mú ìwé kan dání tí wọ́n ń pè ní discharge voucher. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i ti sọ pé òun ti gba ẹ̀tọ́ òun tán nìyẹn. Ìwé tẹ́ṣàn tí àbúrò bàbá fọwọ́ sí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kí ẹ tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ lọ bá dókítà plastic surgery, kí ó kọ iye iṣẹ́ abẹ tó rò pé ó kù níwájú àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń náni sílẹ̀. Àpá tó lè máa fà fún oṣù 18, wọn kì í ṣírò rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún.

Mo gbọ́ ohun tí onímọ́tò ń sọ: "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ò rí jẹ, délífárì ni mò ń san fún ọlọ́mọ́tò, mọ́tò kì í ṣe tèmi." Òótọ́ ni, ìdí gan-an tí mi ò fi fẹ́ kó dá a san nìyẹn. Ẹni tó ni mọ́tò jèrè, ẹgbẹ́ jèrè, èrò tó fẹ́ dé Ọ̀fà kíákíá jèrè, èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà jèrè. Tí alága bá sọ pé mọ́tò tí kò bá ní thọ́ọ̀d-pátì tòótọ́ kò ní gbé èrò ní páàkì òun, ọ̀sẹ̀ kan kò ní pé kí gbogbo wọn tó ní in. Agbára tó fi ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì ti tó o.

Àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀ wọ́n, tàbí tí ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n kò ní kọ́bọ̀. Kẹrosíìnì tí wọ́n da pẹtiróòlù mọ́ gbiná nínú sítóòfù, ta lẹ fẹ́ mú? Ẹni tó da ásíìdì sí ìyàwó rẹ̀ lójú wà lẹ́wọ̀n, owó wo ló máa ti ibẹ̀ wá? Ọmọ tí àrùn nómà jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní Ṣókótó, ebi àti òṣì ló ṣe é. Àwọn òyìnbó ló ń gbé púpọ̀ nínú ẹrù yìí fún wa: láti ọdún 2014 ni àwọn dókítà àjọ aláàánú MSF ti ń bá wọn ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ ní ọsibítù nómà Ṣókótó. Ọkọ̀ ojú omi Mercy Ships gúnlẹ̀ sí Kútọnu lọ́dún 2016, ó ń tún ojú àti ọwọ́ àwọn ará Benin ṣe, títí ó fi kúrò lọ́dún tó tẹ̀ lé e. A dúpẹ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jóná lọ́sẹ̀ tí ọkọ̀ náà lọ ńkọ́?

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ìjọba dá sí i, owó sì wà tí òfin ti dárúkọ. Òfin ọdún 2014 yẹn ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìlera. Òfin àjọ ínṣọ́ránsì ìlera ìjọba àpapọ̀, NHIA, ti ọdún 2022 sọ ínṣọ́ránsì ìlera di dandan, ó sì dá àpò sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní. Kwara náà ní àjọ ínṣọ́ránsì ìlera tirẹ̀, a ò sì jẹ́ àjòjì sí i: láti ọdún 2007 ni wọ́n ti gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní Shonga, pẹ̀lú owó àwọn ará Netherlands. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àjọ wa kò pọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́ abẹ títú àpá àti fífi awọ bo ọgbẹ́ sínú ìwé ohun tí wọ́n ń san, ní orúkọ tirẹ̀, kí akọ̀wé kankan má lè pè é ní ẹwà. Kí wọ́n sì kọ ọ́ pé tí ọmọdé bá tún padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kò ní máa jẹ́ ẹjọ́ tuntun.

Ìbéèrè kan kù, ó sì le. Àwọn tó sáré lọ bu epo nídìí táńkà tó dojú dé, tí iná sì ràn wọ́n, ńkọ́? Lọ́dún 1998 ó ṣẹlẹ̀ nídìí páìpù epo ní Jesse, èèyàn tó lé ní 1,000 kú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ó ṣẹlẹ̀ nídìí táńkà ní Májíyà, ní Jigawa, ó lé ní 150. Àwọn tó yè nínú irú rẹ̀, ojú wọn bàjẹ́, àwọn ará ìlú sì ń sọ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi fà á. Èmi rò pé onítáńkà lè sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù, adájọ́ á sì ṣírò ẹ̀bi tẹnìkọ̀ọ̀kan, owó tí wọ́n máa gbà lè dín kù. Ìjọba kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n wọlé lóru ọjọ́ yẹn kò bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń wá nídìí táńkà, òfin kò jẹ́ kó bi wọ́n. N kò mọ ẹni tó fún wa láṣẹ láti wá máa bi wọ́n ní ọdún kejì.

Ibi tí mo máa dá ọ̀rọ̀ dúró sí lónìí nìyí. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ sí wa, pàápàá ẹ̀yin alága páàkì. Mo ti mọ̀ pé inú yín ò dùn sí mi.